Omi Táǹkì Tán Sórí Kápẹ́ẹ̀tì

Na'in,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kìíní, 2001.

Behzad ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú àjò. Ṣé ara le? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sinmi níbi iṣẹ́? Ẹ̀yìn mi ṣì ń ro mí, orúnkún náà ò sì gbàgbé mi, ṣùgbọ́n mo ń dìde, mo ń kírun, mo ń dúpẹ́.

Nahid ìyàwó rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Kokab olùkọ́, ìyàwó Ágà Rahmat aládùúgbò wa, tó máa ń bá mi kọ̀wé, ti wọ oṣù ìbímọ rẹ̀, kò lè jókòó pẹ́. Mo ti sọ fún Nahid pé ohun tí mo bá sọ ni kí ó kọ, bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kó má pọ́n ọn, kó má sì gé e kúrú. Ó ní òun gbọ́. Ó ti fajú ro báyìí, mo ń wò ó.

Ẹjọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún ọ.

Nowruz, ọdún tuntun wa, ti ń bọ̀. Gbogbo ilé àdúgbò ló ti ń tú ẹrù síta, tí wọ́n ń gbọn eruku ọdún tó ń lọ dànù. Nahid ní a ò ní fọ kápẹ́ẹ̀tì lọ́dún yìí. Mo ní, "Ṣé ojúde la ń gbé ni?" Ó ní, "Màmá, omi ò sí." Ṣé èmi ò mọ̀ pé ọ̀dá wà ni? Òjò ò rọ̀ lésìí, ọdún tó ṣáájú rẹ̀ náà kò rọ̀. Omi ẹ̀rọ á wá lónìí, kò ní wá lọ́la, tó bá sì wá náà, kí o tó tú aṣọ sínú ọpọ́n, ó ti lọ. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n táǹkì wa kún. Mo fọwọ́ gbá a lára, ó dún gbì.

Ó ń ṣọ́ omi yẹn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wá jí i gbé. Rọ́bà tí a fi ń fa omi sí àgbàlá, ó ti ká a, ó tì í mọ́ yàrá ẹrù, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Omi tó bá fi ṣan ìrẹsì, ó ń fi fọ abọ́. Omi tó bá fi fọ abọ́, ó ń rù ú lọ sí ìdí igi pómégíránétì. Búta ńlá tí mo fi ń ṣe àlùwàlá, ó gbé e pamọ́, ó wá gbé kékeré kan fún mi tó dà bí ohun ìṣeré ọmọdé. Mo fọ apá ọ̀tún, omi tán kí n tó dé ti òsì.

Kí ló ní òun fẹ́ ṣe sí kápẹ́ẹ̀tì? Ó ní òun á gbé e kọ́ orí ògiri, òun á fi igi lu ẹ̀yìn rẹ̀ títí iyanrìn á fi jáde, òun á wọ́n èèpo àlìkámà tó rin díẹ̀ sí i, òun á gbá a, òun á wá fi aṣọ tí a ti fún dáadáa nù ún. Èèpo àlìkámà! Ṣé adìyẹ ló fẹ́ bọ́ ni?

Èyí tó dùn mí jù ni kápẹ́ẹ̀tì pupa tó wà ní yàrá bàbá rẹ. Orí rẹ̀ ni bàbá rẹ ṣubú sí, orí rẹ̀ ló bì sí, ibẹ̀ náà ló tọ̀ sí, kí ó tó dákẹ́. Láti ìgbà yẹn mi ò lè kírun nínú yàrá yẹn. Mo fẹ́ kí omi ṣàn lé e láti etí dé etí, kí n fi ojú mi rí i tó ń ṣàn. Nahid ní ibi tó bà jẹ́ nìkan ni ká fọ̀, pé kò ju ojú àwo tíì lọ. Ọmọ tó wọlé mi lánàá ló wá ń kọ́ mi ní ohun tó mọ́ àti ohun tí kò mọ́.

Kọ̀wé sí i. Bá mi bá a wí. Tìrẹ ló ń gbọ́.

Ìyá rẹ,
Touba.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ bí Màmá ṣe sọ ọ́. Táǹkì tó dún gbì yẹn, àjùmọ̀ní àwa àti ilé Ágà Rahmat ni. Ìyẹn nìkan ni mo fi kún un. Nahid.


Hamburg,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 2001.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo fẹnu ko ọwọ́ yín méjèèjì. Ara mi le. Lẹ́tà yín bá mi níbi iṣẹ́, mo kà á lórí ìdúró, inú mi sì bàjẹ́ débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí. Kápẹ́ẹ̀tì la ń fọ̀. Láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn, omi ń ṣàn lórí kápẹ́ẹ̀tì àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí, bàtà mi kì í gbẹ. Kápẹ́ẹ̀tì àjèjì ń rí omi lọ́wọ́ mi, ti bàbá mi ò wá rí?

Nahid, ìwọ lò ń ka lẹ́tà yìí, nítorí náà ka ibi yìí sókè, kí ìyá mi gbọ́.

Ta ló gbé kọ́kọ́rọ́ omi ilé bàbá mi kọ́ ọ lọ́rùn? Nígbà tí mo ń lọ, mo ní kí o tọ́jú ìyá mi, mi ò ní kí o di ọ̀gá lé e lórí. Obìnrin tó sin ọkọ rẹ̀ lésìí ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fọ ibi tí ọkọ òun kú sí, o ń wọn omi fún un bíi pé o ń tà á. Kí làwọn èèyàn máa sọ tí wọ́n bá wá kí wa kú ọdún? Wọ́n á ní Behzad lọ sókè òkun, ìdọ̀tí bo ilé rẹ̀.

Gbé rọ́bà jáde. Fọ gbogbo kápẹ́ẹ̀tì ilé, ti bàbá mi ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Bí o kò bá lè gbọ́ràn sí ìyá mi lẹ́nu nínú ilé yẹn, ilé bàbá rẹ ní Ardestan kò jìnnà. Bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìyá mi, ẹ má bínú mọ́. Mo ti sọ̀rọ̀.

Ọmọ yín,
Behzad.


Hamburg,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, 2001.

Ìyá mi,

Mo kí yín. Mo tún kí yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ̀wé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo pe fóònù ilé búrẹ́dì tó wà ní ìkángun òpópónà wa, mo ní kí wọ́n bá mi pe Nahid. Ẹni tó gbé e ní, "Nahid? Kò sí níbí." Mo ní kí wọ́n wá bá mi pe ìyá mi. Ó ní, "Wọ́n ní ara wọn ò yá. Jọ̀ọ́, èrò pọ̀ níwájú mi," ló bá gbé fóònù sílẹ̀.

Kí ló ṣe yín? Kí ló dé tí Nahid ò kọ̀wé? Tó bá jẹ́ pé inú ló ń bí i, ẹ sọ fún un pé ìbínú tó èyí. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tó máa fi wọ Jámánì níbí. Wọ́n á pè é sí ọ́físì wọn ní Tehran láìpẹ́, kó wá dáhùn ìbéèrè, kó lè wá bá mi. Ohun tó ti ń retí láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé nìyẹn. Ṣé kò ní yọ̀ ni?

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Behzad.


Na'in,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹta, 2001.

Behzad,

Mo kí ọ. Kokab ló ń kọ lẹ́tà yìí, ọmọ tuntun rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Mo ní kó má fi nǹkan kan pamọ́, títí kan èyí tó kan òun alára.

Nahid ti lọ.

Ní ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, ó jókòó síwájú mi, ó kà á. Ó ka tèmi, ó wá ka tirẹ̀, gbogbo rẹ̀, títí dé orí bọ́ọ̀sì Ardestan. Nígbà tó parí, ó ká ìwé náà, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ?"

Mi ò dá a lóhùn. Ojú ń tì mí, Behzad, ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ kí ó fọ kápẹ́ẹ̀tì náà.

Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí yàrá ẹrù, ó fa rọ́bà jáde. Ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ sí àgbàlá, ó da omi lé e. Omi ṣàn láti etí dé etí. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń wò ó, inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó parí ìyẹn, ó gbé ti pálọ̀ jáde. Ó parí ìyẹn, ó gbé ti yàrá yín. Mo ní, "Nahid, ó tó." Ó ní, "Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ní kí n fọ̀." Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha wọ́n, kò wo ojú mi. Ìgbà tó yá, rọ́bà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sọ nǹkan kan mọ́. Táǹkì ti tán.

Ó lọ bá Ágà Rahmat lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní, "Èmi ni mo tú omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀la ni wọ́n ń tan omi fún wa, yóò tún kún." Kò dárúkọ mi, kò dárúkọ rẹ. Ní àárọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀. Mo ní, "Níbo lò ń lọ?" Ó ní, "Ibi tí ọmọ yín ní kí n lọ." Mo rò pé ìbínú ni, pé kí n tó kírun ọ̀sán yóò ti padà.

Kò padà. Omi náà ò wá. Wọ́n ní páìpù ńlá ti bẹ́ nínú aṣálẹ̀. Ọjọ́ kejì, kò wá. Ọmọ Kokab kò tíì ju ọmọ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Ìgbẹ́ gbuuru mú un, ìyá rẹ̀ ń wá omi tó máa sè, tó máa fi fọ aṣọ ìdí rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn mi, ìkòkò wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá, ẹ bá mi wò ó bóyá ó ku díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ táǹkì." Mo gbá táǹkì lára níwájú rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kí ó dún. Inú rẹ̀ ṣófo. Ojú Kokab kọjá mi, ó rí kápẹ́ẹ̀tì nínú àgbàlá, tí wọ́n rin gbindin, tí omi ṣì ń kán lára wọn. Kò bú mi. Ó yí padà, ó lọ.

Wọ́n gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn ní Isfahan, ojú rẹ̀ ti wọlé, kò lè sunkún mọ́. Omi ara rẹ̀ ti gbẹ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi dá omi padà sí i lára. Ó yè. Ó ń sùn níbí báyìí. Kokab ní kí n má sunkún, kí òun lè gbọ́ ohun tí mo ń sọ.

Behzad, mo ní kí o bá a wí. Mi ò ní kí o lé e. Ta ló ní kí o dárúkọ bọ́ọ̀sì?

Kápẹ́ẹ̀tì pupa yẹn ṣì wà nílẹ̀ níbi tí Nahid fi í sí. Mo gbìyànjú láti gbé e, ó wúwo bíi màlúù tó kú. Òtútù òru ti mú un gan, ẹrẹ̀ ti wọ ojú rẹ̀. Ó dọ̀tí ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Touba.


Hamburg,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 2001.

Ìyá mi,

Ẹ kú ọdún Nowruz, bí ọdún bá ṣeé kí lọ́dọ̀ yín. Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi bẹ Kokab. Ẹ bá mi bẹ Ágà Rahmat. Mo ti kọ̀wé sí Nahid ní Ardestan, mo tún kọ, mo tún kọ. Kò dá mi lóhùn.

Ẹ ní ta ló ní kí n dárúkọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n bá a wí, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ ní tèmi ló ń gbọ́. Mo jìnnà, mi ò rí táǹkì, mi ò rí oyún Kokab, ohùn yín nìkan ni mo gbọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Mo kọ èyí tán, mo dìde, mo tún jókòó. Nahid kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yẹn pé àjùmọ̀ní ni táǹkì. Mo rí i. Mo kà á kọjá. Àní ohun tó sọ nípa lílù àti gbígbá, òun gan-an ni ọ̀gá mi níbí máa ń ṣe kí omi tó kan kápẹ́ẹ̀tì rárá, nítorí iyanrìn tó bá wà ní ìdí òwú, omi á sọ ọ́ di ẹrẹ̀ ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Inú ló ń bí mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ní Na'in pé mo ṣì jẹ́ baálé ilé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹnì kan lọ bá mi bẹ Nahid. Ẹ bẹ Ágà Rahmat kó lọ, ọkùnrin ni, bàbá Nahid á gbọ́ tirẹ̀. Ẹ sọ fún un pé mo ti jẹ̀bi.

Ẹ má gbé kápẹ́ẹ̀tì yẹn ní ẹ̀yin nìkan. Èèyàn mẹ́ta ni kó gbé e, kí wọ́n sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí oòrùn.

Behzad.


Na'in,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹrin, 2001.

Behzad,

Mo kí ọ. Àwọn lẹ́tà rẹ dé Ardestan. Mi ò dáhùn nítorí pé ẹ̀bẹ̀ kún inú wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bi mí léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ìyá rẹ ò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló wá.

Ó wọ bọ́ọ̀sì, òun àti orúnkún rẹ̀ yẹn, ó ń béèrè ọ̀nà títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá mi ló ṣílẹ̀kùn. O mọ̀ ọ́n, kì í pariwo.

"Touba Khanom, kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wá bẹ ọmọ yín."

"Ọmọ mi kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa gbé jù síta nígbà tó bá wù yín, kí ẹ tún wá ká a lọ sílé."

"Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n jókòó, ẹsẹ̀ ń dùn mí, kí ẹ tó máa bá a lọ."

Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sá wọ ilé ìdáná. Wọ́n gbé tíì wá, kò mu ún. Ó ní òun ò ní mu nǹkan kan nínú ilé náà àfi tí mo bá sọ̀rọ̀. Mo wá jókòó níwájú rẹ̀. Ó sọ ti ọmọ Kokab fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Behzad, jẹ́ kí n sọ fún ọ, kí o má baà rò pé mo mọ́ tónítóní nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ ẹni tí omi táǹkì yẹn jẹ́ tirẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì kan ì bá tó. Ìbínú ni mo fi fọ àwọn tó kù. Mo fẹ́ kí táǹkì gbẹ kí ìwọ àti ìyá rẹ lè rí i, mo sì bá tiyín tú ti Kokab dànù. Nígbà tí ìyá rẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní, "Ṣé ó yè?" Ó ní, "Ó yè." Mo ní kó tún un sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo sọ ohun tí mo fẹ́. Mo ní èmi ni màá máa wo omi ilé. Mo ní a ò ní fọ nǹkan ńlá kankan láìjẹ́ pé Kokab mọ̀. Mo ní tí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, kó kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú mi kó tó dé Hamburg.

Ìyá rẹ ronú. Ó ní, "Méjì àkọ́kọ́ rọrùn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn le o, Nahid. Ìgbà wo ni màá wá máa rí nǹkan kọ sí Behzad?" Bàbá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Màmá mu tíì, ó ti tutù.

A dé Na'in. Ágà Rahmat bá wa gbé kápẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ kọ́ orí ògiri. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e. Oòrùn lù ú títí ó fi gbẹ kanrin. A gbé igi, èmi lápá kan, Màmá lápá kejì lórí àga, a lù ú. Iyanrìn tó jáde lára rẹ̀, o ò ní gbà gbọ́ pé a ti fi omi odidi táǹkì fọ̀ ọ́. Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ́n èèpo àlìkámà, ó ń kùn pé òun ò rí irú èyí rí láyé òun. Ìgbà tó gbá a tán tó rí bí èèpo yẹn ṣe dúdú, ó ní kí n bu sí i fún òun. A fi aṣọ tó lọ́rinrin nù ún, ojú òwú ni a tẹ̀lé, ó ń dán.

Ibi tí bàbá rẹ ṣubú sí, Màmá ní ọkàn òun ò tíì balẹ̀ sí i. Mo béèrè lọ́wọ́ lémọ́mù. Ó ní ojú ibi tó bà jẹ́ yẹn náà ni, kí a da omi sí i, kí a fi aṣọ fà á kúrò, kí a tún dà á. Màmá mú búta, ó dà á, mo fi aṣọ fà á, a fún aṣọ sínú ọpọ́n. Bí a ṣe ń ṣe é ni ó ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ, bó ṣe máa ń jókòó sí igun yẹn tí á máa bó èso pómégíránétì, tí omi rẹ̀ máa ń ta sí kápẹ́ẹ̀tì, tí àwọn méjèèjì á máa jà. Omi búta náà ò tíì tán nígbà tó ní, "Ó ti mọ́." Ó tẹ́ aṣọ ìkírun rẹ̀ síbẹ̀. Mo fa ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Kokab gbà kí Màmá gbé ọmọ. Kò tíì gbà kí èmi gbé e. Mo ń pọn omi lọ fún un láti ibi táńkà tí ìjọba ń gbé wá, mo ń gbé e sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ń padà. Lánàá, ó ní, "Gbé e wọlé." Ìyẹn nìkan ló sọ.

Ìwé ìpè láti Tehran ti dé. Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Mi ò mọ̀ bóyá mo fẹ́ wá gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin tó lé mi pẹ̀lú ohùn ara mi, nítorí èmi ni mo ka ọ̀rọ̀ yẹn sókè, Behzad, níwájú ìyá rẹ. O ní kí n kà á sókè.

Ìyá rẹ ti darúgbó, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó wá jókòó síwájú mi, mo sì bá a padà. Ìwọ ń kọ̀wé. Má kọ̀wé mọ́, má sì rán ẹnikẹ́ni. Wá.

Nahid.